Kí ẹ tó gbé ẹ̀yìn yín fún chiropractor

Ogójì ìṣẹ́jú ni obìnrin tó tọ́jú mi fi bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi. Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán an nìyẹn, òun náà ni mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń lọ sọ́dọ̀ chiropractor, oníṣègùn tó ń fọwọ́ tọ́jú ọ̀pá ẹ̀yìn àti oríkèé ara, fún ìgbà àkọ́kọ́ máa wò.

Aránṣọ ni mí. Àtàárọ̀ dalẹ́ ni mo máa ń tẹ̀ sórí máṣíìnì, ìbàdí sì ti ro mí fún oṣù mẹ́ta gbáko. Níbi tí mo kọ́kọ́ lọ, mi ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi ní kí n lọ ya fọ́tò eegun. Wọ́n wá gbé ìwé kan síwájú mi, pé kí n san owó ìbẹ̀wò ìgbà 30 lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n tún ní tí ọmọ mi bá ní ikọ́ fée, kí n mú un wá, torí ọ̀pá ẹ̀yìn ni gbogbo àìsàn ti ń wá. Inú bí mi gidigidi. Irú ìlérí báyìí ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà: D. D. Palmer, tó dá a sílẹ̀ ní Davenport, ìpínlẹ̀ Iowa, ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1895, sọ pé òun tọ́jú ẹ̀yìn Harvey Lillard, etí rẹ̀ tó ti di sì tún ń gbọ́ràn. Ẹ̀yìn ríro ni ẹ̀rí wà fún jù, àti ọrùn díẹ̀. Kò sí ẹ̀rí tó dájú pé ó ń wo ikọ́ fée. Mo dìde, mi ò san kọ́bọ̀.

Obìnrin tí mo kọ́kọ́ sọ, tí mo lọ bá lẹ́yìn ìyẹn, ní, "Ẹ má bínú mà, ṣé ìtọ̀ máa ń dá jáde lára yín? Ṣé abẹ́ yín máa ń kú bí ẹni pé kì í ṣe ara yín?" Ojú tì mí, àmọ́ ó ṣàlàyé pé tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí n gbà lọ lójú ẹsẹ̀, torí nǹkan lè ti tẹ iṣan tó lọ sí ìsàlẹ̀ ara. Ó béèrè nípa ibà, nípa rírù láìnídìí, nípa jẹjẹrẹ, bóyá mo ṣubú, bóyá eegun mi ti di ẹlẹgẹ́, bóyá mò ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ó ní kí n fi gìgísẹ̀ rìn, kí n fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn. Ó fi òòlù rọ́bà kékeré kan orúnkún mi. Ó ní fọ́tò kò pọn dandan.

Nígbà tó wá kan ìtọ́jú, mo fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ká orúnkún mi òkè sókè, ó ní kí n mí síta. Bí èémí ṣe ń tán ló tì mí wàrà lẹ́ẹ̀kan. Ó dún kàù! Àyà mi já. Afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé ló ń dún bẹ́ẹ̀, bíi ti ẹni tó fa ìka rẹ̀; eegun kankan ò padà sípò. Ìgbà mìíràn kò dún rárá, ó sì ṣiṣẹ́ náà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ara ń ro mí bí ẹni tó fọ aṣọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì.

Ọrùn ni mo kọ̀. Mo bi í ní ewu tó wà níbẹ̀, kò sì fi pa mọ́: kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn lè ya, ó sì lè di rọpárọsẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọrùn mi sílẹ̀." Ó ní, "Kò burú, mà," ó sì rọra fọwọ́ ra èjìká mi dípò rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè gba bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ́nu yín, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn yín.

Mi ò ní sọ pé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló wò mí. Ó kọ́ mi ní eré ìdárayá mẹ́ta, ó ní kí n gbé tábìlì máṣíìnì sókè, kí n máa dìde ní ọgbọ̀n-ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Eré ìdárayá lásán lè ṣe ẹlòmíràn láǹfààní tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò fẹ́ ni pé ó pẹ́ kí n tó rí àyè lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ìbẹ̀wò kẹrin, ó ní tí kò bá sí àyípadà, òun á kọ̀wé sí dókítà fún mi. Àyípadà wà. Ní ìkẹfà, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n má padà wá mọ́, àyàfi tó bá tún ń ro mí.