Idẹ Bídà tàbí ère igi: èwo ni kí ẹ rà lọ́yẹ́ yìí?

Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Winnipeg, ní Kánádà, níbi tí yìnyín ti máa ń bo ilẹ̀ láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta. Tó bá di oṣù kìíní, òtútù á ti sú u, á wọ bàálù wá bá wa ní Kubwa, l'Àbújá. Ọyẹ́ ló máa ń bá níbí. Ètè á gbẹ, eruku á bo ọkọ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ń ràn, ìyẹn sì tó o. Ohun tí àwa méjèèjì máa ń fi àsìkò náà ṣe ni ká máa wá ohun àtijọ́ kiri, l'Àbújá, ní Bídà, nígbà mìíràn ní ọjà Kurmi tó wà ní Kánò láti ayé Muhammadu Rumfa, ọba tó jẹ láàárín 1463 sí 1499. Ọdún keje rèé tí a ti ń ṣe é. Àwọn tó bá dé pálọ̀ mi máa ń bi mí pé kí ni kí àwọn náà rà. Ohun méjì tí àwọn ọlọ́jà sábà ń gbé síwájú ẹni ni idẹ àwọn Tápà Bídà àti ère igi. Mo ti fi owó ara mi ra méjèèjì.

Ní ti ẹwà, ère ló lọ jù. Ní ti owó, ère tí wọ́n bá pè ní àtijọ́ gbówó lórí ju bùtà idẹ lọ fíìfíì. Idẹ wúwo nínú àpò, ère fúyẹ́. Aṣọ gbígbẹ ti tó láti fi tọ́jú idẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé igi sílé gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ikán.

Ọjọ́ orí ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún kan, mo ra ère ìbejì méjì, akọ àti abo, ní ṣọ́ọ̀bù kan l'Àbújá. ₦180,000 ni mo san. Ọlọ́jà sọ pé ilé àwọn àgbà kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ni wọ́n ti wá, pé wọ́n ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ojú àwọn ère náà ti dán bí ojú ère tí wọ́n ti wẹ̀, tí wọ́n sì ti fún lóúnjẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Osùn wà lára wọn, búlúù ìfọṣọ wà nínú irun wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe é. Táíwò ni ìyá tó bí mi. Kẹ́hìndé rẹ̀ ti kú kí n tó dáyé. Mi ò ná ọjà yẹn dáadáa, ọkàn mi ti fà sí i.

Ọyẹ́ dé ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejìlá. Lóru ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohun kan tó ró pá ní pálọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, abo ti là láti ọrùn dé ìbàdí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ibi tó là: inú rẹ̀ funfun bí orín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, ó sì ń rùn bí igi tútù. Èéfín àti póólíìṣì bàtà ni dúdú tó wà lára rẹ̀. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ṣì lómi nínú. Ọyẹ́ á kọ́kọ́ fa omi ara rẹ̀, ara á sún kì, inú kò ní tíì sún, igi á là. Igi tó bá ti rí ọgbọ̀n ọ̀gbẹlẹ̀ ti gbẹ tipẹ́tipẹ́. Mo gbé e padà. Ọlọ́jà ní ọjà tó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù òun ti kúrò nìyẹn.

Ó dùn mí gan-an. Àmọ́ nígbà tí mo wá ka òfin, mo rí i pé ká ní òótọ́ ni ọkùnrin yẹn sọ, ọ̀ràn ni ì bá jẹ́. Òfin 1979 tó dá NCMM sílẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, sọ pé iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Èyí tó bá níyì nínú ìtàn tàbí nínú iṣẹ́ ọnà, tí wọ́n sì ti fi ṣe ètùtù tàbí ayẹyẹ ìbílẹ̀ rí, jẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ló lè ra irú rẹ̀. Bó ṣe rí fún ère ìbejì nìyí: bí ó bá jẹ́ òótọ́, òfin ò jẹ́ kí ẹ rà á, bí òfin bá sì jẹ́ kí ẹ rà á, kì í ṣe àtijọ́ tí wọ́n pè é. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi tún bá ẹnikẹ́ni ná ère tí wọ́n pè ní ti àwọn baba ńlá wa mọ́.

Igi tí kò ní wàhálà yẹn wà, bí kò bá ti jẹ́ ti ṣáájú 1918: ọpọ́n ayò, wàláà ilé kéwú, àpótí ìjókòó. Ẹ yí wọn padà kí ẹ wo ìdí wọn. Ojú ibi tó ti là tipẹ́ máa ń dúdú, eruku á wà nínú rẹ̀. Ihò kòkòrò kì í tóbi bákan náà, kì í sì í lọ tààrà bí ihò ìṣó. Bó bá ń rùn bíi póólíìṣì, ẹ gbé e kalẹ̀.

Idẹ ńkọ́? Bùtà tó wà lọ́dọ̀ mi, ọwọ́ ìyá àgbà kan ní Bídà ni a ti rà á. Wọ́n fi ṣe ẹrù ìyàwó fún ìyá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì fi ṣe àlùwàlá títí tí orúnkún fi dá a dúró. Kò sí ìtàn tí mo ní láti gbà gbọ́, ara bùtà náà sọ ọ́. Ibi tí ọwọ́ ń dì mú ti fẹ́lẹ́. Ìdí rẹ̀ ti jẹ nítorí ilẹ̀ tó ń gbé e lé, ẹnìkan sì ti fi ìṣó idẹ kan ègé mọ́ ọn nígbà kan. Ojú òòlù hàn nínú rẹ̀. Irin òòfà tí a yọ lára sípíkà tó bàjẹ́ kò fà á; tó bá fà á, irin tí wọ́n fi idẹ bò ni. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé tó bá wà lára idẹ àtijọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Èyí tí wọ́n fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe á ṣí bọ́ sára aṣọ tútù lọ́wọ́ yín.

Idẹ náà ní àbùkù. Ẹ ò lè gbé oúnjẹ kíkan sínú rẹ̀. Wọ́n sì ń lu tuntun lójoojúmọ́ ní Bídà, àmọ́ alágbẹ̀dẹ yóò sọ fún yín pé àárọ̀ yìí lòun lù ú, ẹ ó sì rí iná tó fi ṣe é.

Ohun méjì mìíràn wà tí àwọn ọlọ́jà lè gbé wá bá yín. Owó fàdákà Maria Theresa, ayaba ilẹ̀ Austria àtijọ́: 1780 ló máa ń wà lára gbogbo rẹ̀, ì báà jẹ́ àná ni wọ́n rọ ọ́. Ère amọ̀ Nok, tí wọ́n ń wú nínú ilẹ̀: ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá.

Ẹni tó bá fẹ́ràn ère, kó lọ bá agbẹ́gilére, kó ra tuntun, kó san owó tuntun. Iṣẹ́ tó níyì ni, ó sì yẹ kí wọ́n rí jẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ohun tó ti gbọwọ́ èèyàn kọjá, kó lọ sí Bídà.

Ẹ tètè jáde láàárọ̀, ẹ gba Sùlèjá, Lápài, Agáíé. Ẹ kí àwọn ìyá àgbà dáadáa kí ẹ tó bèèrè ohunkóhun. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín dán idẹ náà kí ẹ tó wò ó. Bó bá ń lọ sókè òkun, ẹ gbé e dé ọ́fíìsì NCMM kí wọ́n wò ó, kí wọ́n fún yín níwèé kí ẹ tó dé pápákọ̀ òfurufú. Àbúrò mi ti gba tirẹ̀. Àwo idẹ pẹrẹsẹ kan ló gbé lọ lọ́dún yìí, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló gbé e kọ́ sí.