Pọ́ọ̀sì ìbàdí tí mo rà lọ́jà Àtàkúmọ̀sà, fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin èèyàn mi, tẹ́ ẹ bá ń kọ́ iṣẹ́ auxiliary nọ́ọ̀sì n'Íléṣà tàbí n'Ífẹ̀ báyìí, tí ibi tẹ́ ẹ ti ń kọ́ṣẹ́ ò fún yín ní kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́, ẹ má fi falẹ̀ rárá, ẹ lọ ra pọ́ọ̀sì ìbàdí yìí. Àtìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí ni mo ti ń lò ó, mo lò ó ní ṣíìfù àárọ̀, mo lò ó lọ́sàn-án, mo lò ó lálẹ́, ó ti tó kí n wá sọ tẹnu mi.

Ọ̀rọ̀ ẹrù wa lẹ́nu iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré o. Àwọn nọ́ọ̀sì àgbà ní yàrá tiwọn, àwọn dókítà ní tiwọn, àwa tá a ń kọ́ṣẹ́ la kì í rí ibi kankan gbé ẹrù sí. Níbi tí mo wà (ọsibítù aládàáni ni, mi ò ní dárúkọ wọn), tábìlì kan ṣoṣo ló wà lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń se omi gbígbóná, orí ẹ̀ ni gbogbo wa ń kó báàgì lé, àwọn tó ń gbálẹ̀ ń gbabẹ̀ kọjá, ẹbí aláìsàn tó wá bu omi ń gbabẹ̀ kọjá, àwọn tó ń kiri oúnjẹ náà ń wọlé. Owó ọkọ̀ ọmọbìnrin kan tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ pòórá níbẹ̀, gbogbo èèyàn láwọn ò rí i, ẹsẹ̀ ló fi rìn délé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tó tún wá ń dùn mí jùyẹn lọ ni pé ẹni tí ọkàn ẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ báàgì ẹ̀ ò lè fara balẹ̀ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà tó bá kọ sílẹ̀ yẹn ni dókítà máa wò kó tó kọ oògùn fún aláìsàn.

Ó dáa, pọ́ọ̀sì náà rèé. Lẹ́dà dúdú ni, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ìjókòó mọ́tò, kì í ṣe awọ gidi ṣùgbọ́n omi kì í wọnú ẹ̀. Ó pẹlẹbẹ, fóònù ńlá wọ̀ ọ́ dáadáa, tí mo bá sì wọ ẹ̀wù scrubs mi lé e lórí, ẹni tí mi ò bá sọ fún ò lè mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Síìpù méjì ló ní. Tiwájú ni mo ń kó bíírò, ìwé kékeré àti sánítáísà sí, èyí tó kàn mí lára ni mo ń kó fóònù, owó, kọ́kọ́rọ́ ilé àti káàdì ATM sí. Bẹ́líìtì ẹ̀ fẹ̀, irú ti báàgì iléèwé, kì í gé èèyàn níbàdí.

Bọ̀ọ̀dá tó ń rán an wà lápá ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà àti báàgì nínú ọjà Àtàkúmọ̀sà. ₦4,000 ló pè é, mo ná an títí ó fi gbà á ní ₦3,500, owó náà ò wá pé lọ́wọ́ mi, ló bá ní kí n san ₦2,000 kí n máa gbé e lọ, kí n mú ìyókù wá tóṣù bá parí. Mo ní ẹ ò mà mọ̀ mí rí sà, ó ní òṣómàáàló ni bàbá bàbá òun, wọ́n ti ń ta aṣọ láwìn káàkiri ìlú onílùú kí wọ́n tó bí òun, ta ló máa wá sá fún ₦1,500. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé. Mo sì san án pé o, kódà oṣù ò tíì parí.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ lẹ́dà báyìí, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ń ta ti àǹkárá náà, ó rẹwà, owó ẹ̀ ò tó ti lẹ́dà, àwọn kan nínú wa sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò ná, inú wọ́ọ̀dù la wà, à ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì, à ń da ìtọ̀ àti ìgbẹ́ nù, à ń nu èébì, ọwọ́ yìí kan náà la máa fi fa síìpù. Kòkòrò bíi staphylococcus yẹn lè wà láàyè lórí nǹkan gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó tiẹ̀ lè tó oṣù mélòó kan nígbà míì. Aṣọ á fà á mu, ẹ ò sì lè fọ pọ́ọ̀sì aṣọ kó gbẹ kí ṣíìfù ọjọ́ kejì tó tó, pàápàá lásìkò òjò tí yunifọ́ọ̀mù gan-an ò tètè gbẹ. Lẹ́dà ní tiẹ̀, mo máa rẹ òwú sínú methylated spirit lẹ́yìn iṣẹ́, màá fi nu inú, màá fi nu ẹ̀yìn, màá nu bẹ́líìtì, màá tún mú òmíì tó kàn lọ́rinrin nu fóònù, ó tán. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ta sí i, ìyẹn kì í ṣe ti spirit nìkan mọ́, ẹ wọ gílóòfù, ẹ kọ́kọ́ nu ẹ̀jẹ̀ náà kúrò, kí ẹ wá lo JIK (bílíìṣì) tẹ́ ẹ ti fomi pò. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ni pé tí agbára JIK inú ìgò bá jẹ́ 3.5%, ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n mẹ́fà ló máa di 0.5%, òun la fi ń pa kòkòrò níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá dà sí. Ẹ ka ara ìgò o, torí gbogbo ẹ̀ kọ́ ló jẹ́ 3.5%, tí nọ́ńbà yẹn bá ti yàtọ̀, omi tẹ́ ẹ máa bù náà á yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kó wà lára ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá fomi ṣàn án dáadáa, torí JIK máa ń jẹ irin síìpù. Ẹ má fi kan fóònù, ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ spirit láé, èéfín tó ń tibẹ̀ jáde lè ṣe èèyàn ní jàǹbá.

Ṣùgbọ́n o, pọ́ọ̀sì tó mọ́ ò ní ká má fọ ọwọ́ wa. Gílóòfù tó bá ti wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní fi fa síìpù, bó ti wù kí fóònù dún tó. Tí mo bá sì ti fọwọ́ kan fóònù tàbí owó, ọwọ́ yẹn ò gbọdọ̀ kan aláìsàn láìjẹ́ pé mo tún un ṣe. Ohun tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ ni pé kéèyàn fi sánítáísà ọlọ́tí pa ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, tó bá jẹ́ ọṣẹ àti omi, 40 sí 60. Ọwọ́ tí ìdọ̀tí ẹ̀ bá hàn sójú, omi àti ọṣẹ ni, ẹ má fi sánítáísà tan ara yín. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ràn pé pọ́ọ̀sì náà ní àpò iwájú, mo lè mú sánítáísà láì kan owó, owó náírà wa yìí tó ti gba ọwọ́ alẹ́ran àti kọ́ńdọ́kítọ̀ kọjá!

Àwọn nǹkan míì ò tiẹ̀ yẹ kó dé ibi iṣẹ́ rárá, pọ́ọ̀sì ò lè gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn. Aago ọwọ́, ẹ̀gbà, òrùka olókùúta, gbogbo ẹ̀ ń gbé kòkòrò, wọn kì í jẹ́ kéèyàn fọ ọrùn ọwọ́ dáadáa, ilé ni kẹ́ ẹ fi wọ́n sí. Aago tí wọ́n ń fi pín-ìnnì há àyà ni kẹ́ ẹ rà, èyí tó dorí kodò yẹn, ẹ lè fi ka bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan gbáko láì fọwọ́ kan aago náà. Fóònù náà, kó má dún, kó má sì ya fọ́tò ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ẹ̀dì. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 sọ ọ́ gbangba pé ọ̀rọ̀ aláìsàn jẹ́ àṣírí, mo sì ń rí àwọn èèyàn tó ń gbé fọ́tò wọ́ọ̀dù sórí status WhatsApp, inú mi kì í dùn sí i rárá. Ìwé kékeré inú pọ́ọ̀sì mi, nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì nìkan ni mò ń kọ sínú ẹ̀, mi ò kọ orúkọ, tí mo bá ti kọ ọ́ sínú ìwé wọ́ọ̀dù tán, màá ya ojú ìwé yẹn wẹ́lẹwẹ̀lẹ kí n tó kúrò níbẹ̀.

Àléébù pọ́ọ̀sì náà wà, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Bọ́kù ẹ̀ jẹ́ oníke, tá a bá ń gbé aláìsàn láti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí wheelchair, ó máa ń yọ̀, bẹ́líìtì á wá máa tú díẹ̀díẹ̀. Ti mi ti là rí, bọ̀ọ̀dá náà pààrọ̀ ẹ̀ láì gba kọ́bọ̀. Síìpù ẹ̀ tún le létí, awọ ara àwọn màmá àti bàbá tó ti dàgbà sì fẹ́lẹ́, nǹkan kékeré ló ń bó o, nítorí náà kí n tó gbé ẹnikẹ́ni, màá kọ́kọ́ yí pọ́ọ̀sì sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn ṣeré. Ooru ẹ̀ náà wà, tí nẹ́pà bá mú iná lọ lọ́sàn-án, abẹ́ lẹ́dà yẹn á máa làágùn. Power bank ò sì lè wọ inú ẹ̀.

Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń lo àǹtí tó ń ṣájì fóònù lẹ́bàá géètì wa, mo fẹ́ kí n fọ̀rọ̀ kan yìn wọ́n níbí. ₦200 ni wọ́n ń gbà fún fóònù, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n bá yín tọ́jú báàgì pẹ̀lú, ₦300, wọ́n á fún yín ní tálì, ẹni tí kò bá mú tálì wá, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín, wọn ò ní fún un. Báàgì ńlá, aṣọ ilé àti oúnjẹ mi ń wà lọ́dọ̀ wọn, owó àti kọ́kọ́rọ́ wà ní ìbàdí mi. Ibi tí wọ́n kù sí ni pé wọ́n máa ń ti ṣọ́ọ̀bù tó bá di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹni tó wà ní ṣíìfù alẹ́ ò lè gbára lé wọn. Lálẹ́, nǹkan tí mi ò bá lè gbé síbàdí, mi ò ní mú un wá.

Ìwé logbook wa, tí sístà ń fọwọ́ sí lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, nylon onísíìpù ni mo kó o sí nínú báàgì, torí tó bá tutù tàbí tó sọnù, gbogbo làálàá yẹn lọ nìyẹn. Iléṣà wa yìí kan náà, ní ọsibítù Wesley Guild, ni Dókítà David Morley ti ṣètò káàdì ìwọ̀n ọmọdé láwọn ọdún 1950, àwọn ìyá ló ń mú káàdì ọmọ wọn lọ sílé, inú nylon ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Àwa tá a ń kọ́ṣẹ́ náà lè tọ́jú ìwé tiwa.

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, mo wo irú pọ́ọ̀sì yìí ní Sábó lọ́dọ̀ yín, bẹ́líìtì wọn tẹ́ẹ́rẹ́ jù, òwú ẹ̀ sì ń yọ, ẹ kúkú wọkọ̀ wá s'Íléṣà, kò jìnnà. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ fa síìpù ẹ̀ wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí bọ̀ọ̀dá fi bọ́kù irin sí i, ₦500 ló máa fi lé e, ẹ sì wọ yunifọ́ọ̀mù yín lọ kó lè wọn bẹ́líìtì náà sí abẹ́ ẹ̀. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Sunday, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa ń wà.