Áàpù tó ń ṣọ́ mi nídìí ọkọ̀: oṣù mẹ́fà ti tó

Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì mọ́tò mi ló ní kí n gbé áàpù wọn sórí fóònù. Mi ò ní dárúkọ wọn. Bí mo bá ń wakọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á fún mi ní ẹ̀dínwó. Ní Houston níbí, níbi tí ẹsẹ̀ ò ti lè gbé èèyàn débi kankan, ta ni ò fẹ́ kí owó yẹn wálẹ̀?

Kò ṣòro lò, kì í sì í jẹ bátìrì. Ó tún jẹ́ kí n jáwọ́ nínú gbígbé fóònù nídìí ọkọ̀, torí gbogbo ìgbà tí mo bá gbé e ló ń kà.

Àmọ́ nọ́ọ̀sì ni mí. Aago 11 alẹ́ ni mo ń parí iṣẹ́. Kí n tó fa àwọn aláìsàn lé ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́wọ́, kí n tó rìn débi tí mo gbé mọ́tò sí, ó ti di aago 12. Ọ̀nà á dá páro. Lójú áàpù yìí, àfi bíi pé mo lọ dánà: wíwakọ̀ lóru, ó yọ máàkì. Lọ́jọ́ kan, ajá kan já lu títì ní Bissonnet, mo tẹ búréèkì. Ajá yè, máàkì mi kú.

Lọ́jọ́ Sunday kan, èmi àtàwọn akọrin wọ bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ̀dá tó wà wá (kí Ọlọ́run má bínú sí mi) ń sáré bíi pé Ọ̀jọ́ta ni wọ́n ti ń kérò. Ìgbà tá a fi débẹ̀, áàpù ti ka gbogbo rẹ̀ sí mi lọ́rùn: búréèkì òjijì mẹ́rin, eré àsápajúdé. Mo wọnú rẹ̀ lọ kí n lè tẹ̀ ẹ́ pé èrò lásán ni mí. Ibẹ̀ ni mo ti rí máàpù. Ilé mi, ọsibítù, ilé àbúrò mi, àti dókítà tí mo lọ rí lọ́sàn-án Wednesday, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tí mo lò níbẹ̀. Ọkọ mi gan-an ò mọ̀ pé mo lọ.

Ara mi bù máṣọ, torí mo ti gbọ́ nípa General Motors, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, New York Times tú u síta pé wọ́n ń kó ìròyìn bí àwọn oníbàárà wọn ṣe ń wakọ̀ fún LexisNexis àti Verisk, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kó ìròyìn nípa èèyàn jọ, àwọn ìyẹn sì ń tà á fún àwọn oní-ìnṣọ́ránsì. FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, ní nígbà mìíràn, ìṣẹ́jú-àáyá 3 síra ni wọ́n ń gba ibi tí ọkọ̀ wà. Inú mọ́tò ni ti wọn wà, ọ̀pọ̀ oníbàárà ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ti gbà. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi tẹ tèmi.

Ẹ̀dínwó tí mo rí ní oṣù mẹ́fà? Dọ́là 31.

Mo ti yọ ọ́ kúrò. Òfin Amẹ́ríkà gbà wá láyè láti béèrè fáìlì wa lọ́wọ́ LexisNexis lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti béèrè tèmi. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, tí kì í rìn jìnnà, lè rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tèmi, ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ọpẹ́lọpẹ́ fóònù tí mi ò gbé mọ́ nídìí ọkọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni ì bá jẹ́.