Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra bátìrì inverter: wọn á fi setting ṣájà bà á jẹ́, wọn á sì dá ọ lẹ́bi

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra bátìrì inverter, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, ṣùgbọ́n ìtìjú ò ní jẹ́ kí n dákẹ́ kí ẹlòmíràn tún lọ kó sí pàkúté kan náà.

Aránṣọ ni mí n'Ìbàdàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023 ni jẹnẹrétọ̀ ti ń jẹ gbogbo èrè tí mo ń rí lórí aṣọ. Iná tiwa kì í sì í ṣe ti Band A tí wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ wà fún wákàtí 20 lóòjọ́. Ìyẹn ni mo ṣe kó owó àjọ tí mo gbà, mo ní kí n ra inverter, kí ẹ̀rọ ìránṣọ mi lè máa ṣiṣẹ́ láìsí ariwo àti èéfín.

Ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù sólà l'Ékòó ni mo rà á lọ́wọ́ ẹ̀. Bátìrì méjì, gel (èyí tí ásíìdì inú rẹ̀ ki bí ẹ̀kọ, tí wọ́n dé pa), 220Ah (ìyẹn ni iye iná tó lè gbà sínú), wọ́n so wọ́n pọ̀ di 24 volt. Inú rìsíìtì ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà: GEL 220AH × 2. ₦1,150,000 ni bátìrì nìkan, inverter lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ní gbogbo ìgbà tá a fi ń dúnàádúrà, Mummy ló ń pè mí. "Mummy, ẹ fọkàn balẹ̀, ọmọ yín ni mí." Ọmọ wo? Ọmọ wo ló ń ja ìyá ẹ̀ lólè?

Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kó ta mí lólobó. Ó ní ọmọ iṣẹ́ òun nìkan ló gbọ́dọ̀ wá fi í sílé fún mi, pé bí oníṣẹ́ iná míì bá fọwọ́ kàn án pẹ́nrẹ́n, wáráńtì ọdún kan ti dòfo. Mo gbà. Ta ni kò ní gbà? Ṣé ẹni tó ta ọjà kọ́ ló yẹ kó mọ ọjà rẹ̀ jù ni?

Ọmọkùnrin tó gbé e wá kò sanra rárá. Ó gbé bátìrì kọ̀ọ̀kan lé èjìká, òun nìkan, ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè láìsinmi. Mo tilẹ̀ ra bíréèdì àti mílíìkì fún un, mo ní ó ṣe gudugudu méje àti yàyà mẹ́fà. Ó so wáyà, ó dúró níwájú inverter, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́pẹ́pẹ́, ó ní ó ti parí. Mo bi í pé kí ló ń tẹ̀ yẹn. "Setting ni, ma. Kò sí nǹkan tẹ́ ẹ máa fi ṣe." Bó ṣe ń lọ, ó ki ìwé ìlò inverter náà bọ inú báàgì rẹ̀, ó ní ṣọ́ọ̀bù làwọn ń tọ́jú ẹ̀ sí nítorí wáráńtì. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ìwé ohun tí mo fi owó mi rà ló gbé lọ!

Oṣù díẹ̀ ló fi ṣiṣẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà, mi ò ní tíì ran ẹ̀wù kan tán tí inverter á ti máa ké pé bátìrì ti fẹ́ tán. Lọ́jọ́ kan, òórùn ẹyin jíjẹrà gba inú ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé eku ló kú sábẹ́ àpótí aṣọ, mo tú gbogbo ẹrù oníbàárà palẹ̀, mi ò rí eku kankan. Ìgbà tí mo fọwọ́ kan ara bátìrì ni mo tó mọ̀. Ó gbóná, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti wú bí àkàrà inú epo.

Mo pe ọkùnrin yẹn. Ó ní kí n ya fọ́tò ojú inverter ránṣẹ́. Mo yà á. Nígbà tó pè padà, Mummy ti parí. "Madam, orí Flooded lẹ fi í sí. Bátìrì gel kì í lo Flooded. Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Wáráńtì wa kò bo setting tí oníbàárà bá ṣe."

Èmi! Èmi tí mi ò mọ bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀! Èmi tí wọ́n gbé ìwé mi lọ! Èmi ni mo wá fi ọwọ́ ara mi gbé e sí Flooded!

Bàbá kan tó ń ṣe bátìrì ládùúgbò wa ló la ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ó ní ṣájà inú inverter kò mọ irú bátìrì tí wọ́n so mọ́ ọn; ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe ló ń ṣe. Bátìrì gel 12 volt, ibi 14.1 tàbí 14.2 volt ló yẹ kí ṣájà ti dúró, tó bá sì ti kún kó sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 13.6. Bátìrì olómi, ìyẹn Flooded, èyí tí à ń ṣí ìdérí rẹ̀ bu omi sí, ló lè gba 14.6 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Tèmi tó jẹ́ 24, gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì: 28.2 ló yẹ, 29.2 ni wọ́n fi í sí. Èyí tó burú jù, wọ́n tún tan equalization, tó ń gbé e dé 30 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bátìrì olómi ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Ó máa ń mú kí ásíìdì inú rẹ̀ hó, kí ìdọ̀tí funfun tó lẹ̀ mọ́ òjé lè ṣí kúrò, tí omi rẹ̀ bá sì lọ sílẹ̀, wọ́n á bu òmíràn sí i. Gel kò níbi tí wọ́n ń bu omi sí. Gáàsì tó bá ti jáde lára rẹ̀ kò lè padà mọ́, inú rẹ̀ á gbẹ, á sì sán. Àti pé ibi tí ooru kò ju 25°C lọ ni wọ́n ṣírò iye wọ̀nyẹn fún. Ooru ṣọ́ọ̀bù mi jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ó sì yẹ kí iye volt ti ibí tún rẹlẹ̀ sí i ni.

Bí bàbá náà ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń fi èékánná họ etí sítíkà ara bátìrì. Sítíkà yẹn ṣí wẹ́rẹ́. Òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti gbó, ẹ̀gbẹ́ kan ti ya, 150Ah ni wọ́n kọ sí i. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. A gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n ìyá oníìrẹsì tó múlé tì mí: 43 kílò. Bátìrì gel 220Ah gidi máa ń tó 60 kílò, ó wúwo ju odindi àpò ìrẹsì oní-50 kílò lọ. Ẹ wá wo ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé e gun àtẹ̀gùn, tí mo ń ra bíréèdì fún!

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí, kò sì sẹ́ni tó lè yí mi lọ́kàn padà: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Wọ́n mọ̀ pé àlòkù tí wọ́n lẹ sítíkà tuntun mọ́ kò ní pẹ́ tó ọdún kan. Wọ́n nílò ohun tí wọ́n máa fi já wáráńtì gbà lọ́wọ́ mi. Setting yẹn ni wọ́n gbé kalẹ̀ dè mí láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé kí ló dé tí mi ò béèrè. Mo béèrè! Wọ́n á ní kí ló dé tí mi ò ka ìwé. Ìwé wo? Bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ kí n gba ìwé mi lọ́wọ́ ọmọ yẹn, ọ̀rọ̀ yẹn kì í jẹ́ kí n sùn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá lọ ra oògùn lọ́wọ́ dókítà, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wọn oògùn fún ara yín ni? Iṣẹ́ tí mo san owó rẹ̀ lọ́tọ̀ ni.

Ẹ ṣáà ṣe báyìí. Ẹ gbé bátìrì lé òṣùwọ̀n kí ẹ tó san owó tó kù. Ẹ fọwọ́ họ sítíkà. Kí wọ́n kọ irú bátìrì àti iye volt tí ṣájà gbọ́dọ̀ dé sínú rìsíìtì, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Kí ẹ dúró ti ọmọ iṣẹ́ nígbà tó bá ń tẹ̀ ẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ inverter tó wà lọ́jà, nọ́ńbà 05 nínú setting ni irú bátìrì: AGM (irú bátìrì mìíràn tí wọ́n dé pa), FLD fún olómi, USE fún kí ẹ kọ iye tiyín. Tó bá jẹ́ gel, USE ni, kí ẹ wá kọ iye tó wà lára bátìrì fúnra rẹ̀. Equalization, ẹ pa á. Fún 200Ah, kí agbára ṣájà má kọjá 40 amp, 20 sàn jù. Lithium, ìwé ẹni tó ṣe é ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má fi FLD sún mọ́ ọn. Ẹ ya fídíò gbogbo rẹ̀ kí ọmọ iṣẹ́ tó kúrò. Ìwé ìlò ò gbọdọ̀ kúrò nílé yín.

Mo ti kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà. Wọ́n tún ní kí n gbé e lọ sí Small Claims Court l'Ékòó, tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Màá lọ. Owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀ ló kù tí mò ń wá, èmi tí mo ti ná owó àjọ tán. Ẹ má sì sọ fún mi pé àwọn olóòótọ́ wà láàárín wọn. Bí wọ́n bá wà, kí ló dé tí gbogbo wọn fi ń sọ pé àwọn nìkan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án? Mi ò gba ẹnì kankan gbọ́ mọ́ nínú wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra tiyín, ẹ lọ wo 05 lálẹ́ òní. Tí FLD bá wà níbẹ̀, tí bátìrì yín kò sì ní ìdérí tí wọ́n ń ṣí bu omi, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, lẹ́yìn náà kí ẹ pa ṣájà náà. Tí ẹ bá ń gbọ́ òórùn ẹyin jíjẹrà, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má ṣáná síbẹ̀, kí ẹ kó ọmọdé kúrò nínú yàrá náà.