Olùkọ́ Ìṣirò fún Ìdánwò GED: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Náwó Lé?

Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò GED ni ẹni tí kò parí ilé-ìwé girama máa ń ṣe láti gba ìwé-ẹ̀rí tó dọ́gba pẹ̀lú ti girama. Ẹ̀ka mẹ́rin ni ó ní, ìṣirò sì ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi kẹ́yìn nínú wọn. Òun náà ni wọ́n sábà máa ń torí rẹ̀ wá olùkọ́ tí wọn yóò sanwó fún. Àwọn tí a kọ ìfiwéra yìí fún ni àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ní Houston, Chicago, Brooklyn tàbí Maryland, tí wọn kò parí ilé-ìwé girama kí wọ́n tó dé ibẹ̀, tí ibi iṣẹ́ tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ti ń bi wọ́n léèrè ìwé-ẹ̀rí. Ẹni tí èsì WAEC tàbí NECO tó dára bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì nílò olùkọ́ kankan. Kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń wá ìwé-ẹ̀rí náà bóyá wọn yóò gba àyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí òkèèrè, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ WES máa ń ṣe, nítorí pé ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì níbẹ̀ ló ń ka èsì WAEC tó pé sí ìwé-ẹ̀rí girama.

Ohun tí ìdánwò náà ń béèrè

A kò lè díye lé olùkọ́ láìmọ ohun tí ó fẹ́ kọ́ni. Ìṣẹ́jú 115 ni ìdánwò ìṣirò GED, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, apá méjì ni ó sì ní: apá kìíní, tí ó kéré gan-an, kò fàyè gba ẹ̀rọ ìṣirò, ṣùgbọ́n ní apá kejì, ẹ̀rọ ìṣirò TI-30XS yóò wà lójú kọ̀ǹpútà fún yín. Wọ́n tún máa ń fi ojú-ìwé fọ́múlà sí i, nítorí náà olùkọ́ tó bá ní kí ẹ há gbogbo fọ́múlà sórí ń fi àkókò yín ṣòfò. Áljẹ́brà ló kó nǹkan bí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Iṣẹ́ lórí nọ́ńbà, ìdá, ìpín nínú ọgọ́rùn-ún àti jiọ́mẹ́tírì ló pín èyí tó kù láàárín ara wọn. Láti 100 dé 200 ni wọ́n ti ń ka máàkì, 145 sì ni ẹni tó fẹ́ yege gbọ́dọ̀ ní. Títí di ọdún 2016, 150 ni wọ́n ń béèrè. Bí olùkọ́ kan bá ṣì ń dárúkọ 150 fún yín, ó ti pẹ́ tí ó ti yẹ ìdánwò yìí wò kẹ́yìn.

Ènìyàn lè mọ ìṣirò dáadáa kí ó má mọ ìdánwò yìí. Ẹni tó ti fi ọdún pípẹ́ kọ́ ọmọ fún WAEC ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo lè lo odidi oṣù lórí lọ́gárídíìmù, lórí sine àti cosine, àti lórí àwọn òfin igun inú òbìrìkìtì, bẹ́ẹ̀ GED kì í béèrè ọ̀kankan nínú wọn. Ẹni yìí kan náà sì lè má fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan fíìtì, íǹṣì, gálọ́ọ̀nù àti máìlì, nígbà tí ó jẹ́ pé òṣùwọ̀n wọ̀nyí ni ìbéèrè Amẹ́ríkà sábà máa ń lò.

Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ owó, ẹ ṣe GED Ready, ìyẹn ìdánwò àyẹ̀wò tí ilé-iṣẹ́ GED fúnra rẹ̀ ń tà, tí owó rẹ̀ kò tó dọ́là mẹ́wàá, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ ìlàjì ti ìdánwò gidi. Máàkì 100 sí 133 fi hàn pé ọ̀nà ṣì jìn. 134 sí 144 fi hàn pé ó ku díẹ̀. 145 sókè fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ẹ yege bí ẹ bá jókòó sí ìdánwò gidi. Ní tèmi, máàkì yìí ló yẹ kí ó pinnu irú olùkọ́ tí ẹ ó mú, ju iye tó wà lápò yín lọ. Olùkọ́ tí kò bá béèrè fún èsì náà kí ó tó sọ iye wákàtí tí ẹ nílò, wákàtí ló ń tà, kì í ṣe ìṣirò.

Kíláàsì ọ̀fẹ́

Owó ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé ètò ẹ̀kọ́ àgbà ró ní Amẹ́ríkà, ìdí sì nìyí tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú àti ilé-ìkàwé fi ń ṣe kíláàsì GED láìgba kọ́bọ̀. City Colleges of Chicago àti Queens Public Library ní New York wà lára wọn. Wọn yóò kọ́kọ́ fún yín ní ìdánwò TABE tàbí CASAS láti mọ kíláàsì tó yẹ yín. Àǹfààní tó ga jù níbẹ̀ ni pé GED ni iṣẹ́ òòjọ́ olùkọ́ náà, ó sì ti rí irú àṣìṣe yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣáájú yín. Ìṣòro rẹ̀ ni àkókò. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó, tí ó ń délé ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, kò lè bá kíláàsì aago mẹ́sàn-án pàdé, bí ó bá sì pa á jẹ lemọ́lemọ́, wọ́n lè fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn tó ti ń dúró. Ẹ béèrè bóyá kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì wà kí ẹ tó ní kò ṣeé ṣe. Àwọn ilé-ìkàwé kan tún ní àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti kọ́ ènìyàn kan ní wákàtí kan tàbí méjì lọ́sẹ̀. Èyí dára, ṣùgbọ́n ìwé kíkà ni púpọ̀ nínú wọn gbọ́wọ́ sí, nítorí náà ẹ là á mọ́lẹ̀ pé olùkọ́ ìṣirò ni ẹ ń wá.

Olùkọ́ àdáni àti ilé-iṣẹ́ tó ń ta wákàtí

Lórí ìkànnì bíi Wyzant, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń dá iye tirẹ̀, ẹ ó sì máa sanwó fún wákàtí tí ẹ bá lò. Dọ́là 30 sí 80 fún wákàtí kan kò ṣàjèjì. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: bí ẹ bá gba ti dọ́là 45, ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12, ẹ ó san dọ́là 1,080. Owó yìí ju ti ìdánwò fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì. Fún ẹni tí máàkì rẹ̀ wà ní 115, n kò rí ìdí tí yóò fi ná irú owó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tó nílò ni àtúnkọ́ láti orí ìdá àti nọ́ńbà òdì, kíláàsì ọ̀fẹ́ sì ń kọ́ ìyẹn dáadáa. Ẹni tó wà ní 140 ni olùkọ́ àdáni wúlò fún jù lọ: wákàtí mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lórí ibi méjì tí GED Ready fi hàn pé ó ti ń kùnà lè tó o.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ta àdìpọ̀ wákàtí yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn ni yóò yan olùkọ́ fún yín, ẹ ó sì san owó wákàtí púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wákàtí bá ṣe pọ̀ tó ni wọn yóò máa dín owó rẹ̀ kù, ibẹ̀ sì ni ìdẹwò wà. Kí ẹ tó fún wọn ní nọ́ńbà káàdì yín, ẹ béèrè bóyá wákàtí tí ẹ kò lò ní ọjọ́ tí yóò kú, bóyá wọn yóò dá owó padà bí ẹ bá tètè yege, bóyá ẹ lè yí olùkọ́ padà, àti bóyá wọn yóò máa yọ owó lóṣooṣù láìsọ fún yín. Ẹ gba ìdáhùn náà ní kíkọ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ ẹnjiníà

Nínú ìjọ tàbí mọ́sálásí wa gbogbo, a kì í ṣàìrí ẹnjiníà tàbí oníṣirò owó kan tí yóò ní kí ẹ máa bọ̀ nílé òun ní Sátidé. Owó kò sí níbẹ̀, ọ̀yàyà sì wà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ẹ̀gbọ́n pé àlàyé rẹ̀ kò yé òun fún ìgbà kẹta? Ta ni yóò bi í pé kí ló dé tí ó pẹ́ dé, nígbà tí ó jẹ́ pé oore ló ń ṣe? Bí ẹ bá fẹ́ kí ó yọrí sí rere, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó gba owó kékeré kan, kí ẹ jọ dá ọjọ́ àti àkókò, kí ẹ sì fún un ní ìwé GED tuntun kí ó má baà máa kọ́ yín ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní yunifásítì. Bí ojú bá ṣì ń tì yín láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ dúpẹ́ kí ẹ sì wá ẹlòmíràn.

Fídíò Khan Academy jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì dára púpọ̀ fún ìdánrawò láàárín ọjọ́ ẹ̀kọ́ kan sí èkejì. Kì í dípò olùkọ́ fún ẹni tí kò mọ ibi tí ó ti ń ṣìnà.

Ohun tó yẹ kí ẹ wò ní wákàtí àkọ́kọ́

Ẹ gbé ìbéèrè yìí síwájú olùkọ́ tí ẹ fẹ́ mú: ìlà kan gba ojú àmì (2, 5) àti (6, 13) kọjá, kí ni ìdagẹ̀rẹ̀ (slope) rẹ̀? Ẹ ṣe é lójú rẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbẹ̀, ìyẹn ni pé kí ẹ yọ 5 kúrò nínú 13 lókè, kí ẹ wá yọ 6 kúrò nínú 2 nísàlẹ̀. Òkè yóò jẹ́ 8, ìsàlẹ̀ yóò jẹ́ òdì 4, ìdáhùn yín yóò sì di òdì 2 dípò 2. Olùkọ́ kan yóò pa iṣẹ́ yín rẹ́, yóò gba kálàmù, yóò ṣe é tán kíá, yóò sì bi yín bóyá ó ti yé yín. Ẹ ó sì ní ó ti yé yín. Olùkọ́ mìíràn kò ní fọwọ́ kan kálàmù. Yóò bi yín pé ojú àmì wo ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lókè, yóò bi yín pé èwo ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, yóò sì dákẹ́ títí ẹ ó fi rí i fúnra yín pé ẹ ti yí wọn padà. Lẹ́yìn náà ni yóò ní kí ẹ ya ìlà náà, kí ẹ lè rí i pé ńṣe ló ń gòkè, kò sì lè jẹ́ òdì. Dọ́là 60 kò pọ̀ jù fún ẹni kejì yìí. N kò ní san 20 fún ẹni àkọ́kọ́. Kí ẹ tó dìde, ẹ ní kí ó fi hàn yín bí a ṣe ń sọ ìdá di desimal lórí TI-30XS. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ń ṣe é, olùkọ́ GED tòótọ́ kò sì ní wá a.

Ìkìlọ̀ díẹ̀ kù. Kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń lo GED nìkan. HiSET, ìdánwò mìíràn tó jọ GED, ni àwọn mìíràn ń lò; TASC, tí òun náà jẹ́ irú rẹ̀, ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti òpin 2021, nítorí náà ẹ wádìí ohun tí ìpínlẹ̀ yín ń gbà kí ẹ tó ra ìwé tàbí san owó olùkọ́. Ìwé GED tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 2014 ti di ti àtijọ́, torí ọdún náà ni wọ́n gbé ìdánwò tuntun jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun yóò bá yín jókòó sí ìdánwò, tàbí pé òun yóò gba ìwé-ẹ̀rí fún yín láìṣe ìdánwò rárá, gbájú-ẹ̀ ni.

Bí ẹ bá ti ń súnmọ́ òpin ẹ̀kọ́ yín, ẹ fi wákàtí kan pẹ̀lú olùkọ́ yẹ èsì GED Ready kejì wò ní ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti di 145 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ra wákàtí mìíràn mọ́. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ fún ìṣirò nìkan, nítorí pé ẹ lè ṣe ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílé lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é láàárín ọjọ́ 60 tí ó gba máàkì yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò tún GED Ready rà.