Tésàn ọlọ́pàá ọ̀dọ̀ wa látìgbà tí màmá DPO (ọ̀gá tésàn) yẹn ti dé: mo fún wọn ní 4 nínú 5

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tójú mi rí ní tésàn lóṣù tó kọjá ò ṣeé gbé mì, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Mi ò ní dárúkọ tésàn náà, Mẹ́ńláǹdì níbí ló wà, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Kọ́sítọ́mà kan gbé iṣẹ́ kàlẹ́ńdà wá, ó san ìlàjì owó sílẹ̀, mẹ́síìnì wá dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ pẹ́, inú bí i, ló bá gba tésàn lọ. Bí wọ́n ṣe pè mí lórí fóònù, àyà mi já, torí mi ò tíì gbàgbé tọjọ́sí. Lọ́dún 3 sẹ́yìn DPO mìíràn ló wà níbẹ̀, àbúrò mi ọkùnrin jẹ ẹnì kan lówó, wọn ò bá a nílé, ìyàwó ẹ̀ ni wọ́n kó, tòun tọmọ lẹ́yìn, a ra pépà, a ra bíírò tí wọ́n fi kọ sítétímẹ́ǹtì, a tún san owó béèlì, bẹ́ẹ̀ wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ojú ìyàwó yẹn lọ́jọ́ tó jáde, mo ṣì ń rí i.

Lọ́tẹ̀ yìí mo mú ẹ̀gbọ́n mi dání, mo kó owó sápò. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà ní "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ jókòó," ó fa pépà yọ fúnra ẹ̀, ó fún mi ní bíírò. Màmá DPO jáde, wọ́n sọ gíláàsì wọn sójú, wọ́n ka ìwé àwa méjèèjì lórí ìdúró, wọ́n wo fọ́tò kàlẹ́ńdà tí mo ti tẹ̀ dé ìlàjì lórí fóònù mi, wọ́n wá kọjú sí kọ́sítọ́mà: "Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ àdéhùn lèyí. Ọlọ́pàá kì í báàyàn gba gbèsè. Ẹ gbé e lọ sí CMC, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń báàyàn parí aáwọ̀, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á parí ẹ̀ fún yín." A ò tiẹ̀ dé CMC mọ́, iwájú tésàn la ti parí ẹ̀, ọjọ́ kẹrin ló kó kàlẹ́ńdà ẹ̀ lọ.

Òfin ni màmá yẹn tẹ̀ lé o. Òfin ọlọ́pàá tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2020 ní wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tó bà jẹ́ lásán, wọn ò sì gbọ́dọ̀ mú ẹlòmíì dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 náà ní tí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ 1 péré ni wọ́n lè fi ti èèyàn mọ́lé kí wọ́n tó gbé e dé kóòtù, ibo ni kóòtù ti wá jìnnà jùyẹn lọ l'Ékòó? Ìparí oṣooṣù, DPO gbọ́dọ̀ fi orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n mú láìsí wáráǹtì ránṣẹ́ sí májísíréètì. Gbogbo ẹ̀ ti wà nínú ìwé nígbà tí wọ́n mú ìyàwó àbúrò mi, ẹni tó jókòó lórí àga yẹn ni ò fi ṣe nǹkan kan.

Ibi tó wá ń dùn mí ni pé àwa ará àdúgbò ò lẹ́nu nínú ẹni tí wọ́n máa gbé sórí àga ọ̀hún. Láyé àwọn bàbá wa, akódà mọ ilé onílé, ó mọ bàbá ẹni tó jalè. Ní báyìí ààrẹ ló ń yan IG, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, Police Service Commission ló ń yan kọmíṣánnà ọlọ́pàá, kọmíṣánnà ló ń pín àwọn DPO sí tésàn, gómìnà pàápàá ò lè yàn wọ́n, ká má tíì sọ baálẹ̀ tàbí alága lándíọ́ọ̀dù. Ìgbà tí DPO bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹ̀yìnkùlé táwọn tó ń já fóònù gbà ń sá lọ, ìgbà yẹn gan-an ni lẹ́tà tíráńsífà máa dé. Màmá yìí fúnra wọn ló ń wá sí ìpàdé PCRC, ìgbìmọ̀ ọlọ́pàá àti aráàlú, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rin gbogbo àdúgbò pẹ̀lú alága CDA wa, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, gbogbo ibi tí iná ò sí ni wọ́n ń kọ sínú ìwé kékeré kan tó wà lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí mo fi yọ máàkì 1 ni pé tẹ́ ẹ bá pe nọ́ńbà tésàn lóru ó lè dún títí kẹ́nì kankan má gbé e, ẹ yáa pe 112 tàbí 767, nọ́ńbà pàjáwìrì l'Ékòó. Ọkọ̀ wọn náà kan ṣoṣo ni, táyà ẹ̀ ti pá.

Wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé tíráńsífà wọn ń bọ̀. CDA kọ lẹ́tà sí kọmíṣánnà pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fi wọ́n sílẹ̀ fún wa lọ́dún kan sí i, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, pépà tó nípọn dáadáa ni mo lò, àná la gbé e lọ sí Ìkẹjà.