Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún dáyámọ́ńdì ayédèrú tí wọ́n fi ń tún ojú òkúta gráíńdà ṣe, àti irọ́ "ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó gbóná jù"

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń fi dáyámọ́ńdì tún ojú òkúta gráíńdà ṣe (òkúta róbótó tó ń yí lórí ẹ̀rọ tí a fi ń lọ irin), ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan wà tó ń ta dírẹ́sà olójú kan, ìyẹn irinṣẹ́ tí a fi ń tún ojú òkúta náà ṣe, èyí tí wọ́n máa ń de ẹyọ dáyámọ́ńdì kan mọ́ orí ọ̀pá irin. Ohun tó wà lórí irin tiwọn kì í ṣe dáyámọ́ńdì rárá, tàbí kó jẹ́ dáyámọ́ńdì tí wọ́n kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá já tàbí tó jẹ tán, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu wọn: "Ẹ ò fi omi tù ú. Ooru ló bà á jẹ́." Ibẹ̀ ni owó yín wọlé sí.

Wọ́n ṣe é fún mi. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ọjà náà ni pé dáyámọ́ńdì inú ilẹ̀ ni, ààbọ̀ káràtì, pé iná ni wọ́n fi jó o mọ́ irin, àti pé kò nílò kúláǹtì (omi ìtutù) kankan. Ọ̀pá irin rẹ̀ ń dán, àpò rẹ̀ sì fani mọ́ra. Mo de àkọ́kọ́ mọ́ ẹ̀rọ, mo ṣí kúláǹtì kó máa ya dáadáa kí irinṣẹ́ tó kan òkúta. Òkúta funfun ti aluminium oxide lásán ni, kì í ṣe èyí tó le koko. Dírẹ́sà náà kò tíì rìn dé etí kejì òkúta tí ìró rẹ̀ fi yí padà. Mo pa ẹ̀rọ, mo wò ó, ihò lásán ló kù lórí irin. Dáyámọ́ńdì, tàbí ohun yòówù kó jẹ́, ti fò jáde lódindi. Mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ ha inú ihò náà, ohun kan tó rọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ló bá abẹ́rẹ́ jáde. Mo fi iná kàn án, ó rú èéfín, òórùn ike tó ń jó ló gbé wá. Idẹ tí wọ́n fi ń jó dáyámọ́ńdì mọ́ irin kì í rùn bẹ́ẹ̀. Gọ́ọ̀mù ni.

Òmíràn nínú àwọn tí mo rà kò já ní tiẹ̀. Ṣóńṣó rẹ̀ ló ṣe róbótó, tó ń dán gbinrin, tí ojú òkúta gráíńdà sì wà bó ṣe wà. Ẹ̀rí nìyẹn pé òkúta gráíńdà ló ń jẹ irinṣẹ́, kì í ṣe irinṣẹ́ ló ń jẹ òkúta. Lórí ìwọ̀n líle Mohs, dáyámọ́ńdì wà ní 10. Aluminium oxide tó wà nínú òkúta gráíńdà wà ní 9, silicon carbide, tó máa ń wà nínú àwọn òkúta gráíńdà mìíràn, tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Cubic zirconia, òkúta àtọwọ́dá tó jọ dáyámọ́ńdì, tí àwọn ayédèrú sábà máa ń jẹ́, kò ju nǹkan bí 8 sí 8.5 lọ, gíláàsì kò sì tó 7. Ohunkóhun tó bá rọ̀ ju èròjà inú òkúta lọ, òkúta á jẹ ẹ́ ni, bí ẹ da gbogbo omi ayé lé e lórí.

Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á. Ó ní ooru ni. Mo fi fídíò ránṣẹ́ tí omi ti ń ya lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní bóyá omi náà ló tutù jù. Mo ní kó fi fọ́tò bí wọ́n ṣe jó o mọ́ irin hàn mí. Kò dá mi lóhùn mọ́, ó sì dí ọ̀nà mọ́ mi lórí fóònù.

Ìdí tí irọ́ yìí fi ń rí ọ̀pọ̀ èèyàn mú ni pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ooru ni ọ̀tá dáyámọ́ńdì lóòótọ́. Káábọ́nù ni dáyámọ́ńdì láti òkè délẹ̀. Tí ooru bá tó nǹkan bí 700 dígírì Celsius níbi tí atẹ́gùn wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jóná díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣú, á sì pàdánù mímú rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ irin gbígbóná ló kàn án, irin a máa fa káábọ́nù náà mọ́ra, ìdí sì nìyẹn tí a kì í fi dáyámọ́ńdì lọ irin lásán. Níbi ṣóńṣó tó ń ha òkúta tó ń yí, ibi tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ooru lè ga gan-an ní ìṣẹ́jú àáyá. Nítorí náà, tí olùtajà bá ti pariwo "ooru", ẹni tó rà á á máa bi ara rẹ̀ bóyá lóòótọ́ ni, á sì gbé ẹ̀bi ẹlẹ́bi. Mo fẹ́ kí gbogbo wa mọ bí a ṣe ń fi omi tù ú dáadáa débi pé kò ní sí ẹni tó lè fi irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀ lé wa lórí mọ́.

Kúláǹtì gbọ́dọ̀ ti máa ya kí dáyámọ́ńdì tó kan òkúta, kó sì máa ya títí irinṣẹ́ yóò fi kúrò pátápátá. Ibi tí dáyámọ́ńdì àti òkúta ti pàdé gan-an ni kí ẹ dojú ẹnu páìpù kọ, kì í ṣe ẹ̀yìn irin. Ẹ jẹ́ kí omi náà pọ̀ tó láti bo gbogbo fífẹ̀ òkúta, nítorí tí ó bá ya sí àárín nìkan, dáyámọ́ńdì á gbẹ nígbà tó bá dé etí, á gbóná, á sì tún padà wọnú omi. Lílọ bíbọ̀ láàárín gbígbẹ àti tútù yẹn ló burú jù. Dáyámọ́ńdì tó gbóná tí omi tútù ta sí lè sán bí ìgò àtùpà tí òjò kán sí. Ìdí nìyẹn tí omi tó ń kán tó, tó tó yìí fi burú ju kí ẹ má lo omi rárá lọ. Tí ẹ̀rọ yín ò bá ní pọ́ọ̀pù, ẹ ṣe é ní gbígbẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ máa gé díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ìsinmi kó tutù fúnra rẹ̀ láàárín ìrìn kan àti èkejì. Ẹ má ti í bọ inú ike omi láé. Mo ti rí i tí àwọn èèyàn ń ṣe é, ó sì ń dùn mí.

Bí ẹ ṣe gé e jìn tó náà wà lára ìtutù. 0.01 sí 0.03 mìlímítà ní ìrìn kan ti tó. Ẹni tó bá wọlé jìn jù, kò sí omi tó lè gbà á sílẹ̀. Ibi tí ojú òkúta ti ga jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ àárín, torí etí ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti etí, ìwọ̀n tí ẹ gbé kalẹ̀ níbẹ̀ á ti pọ̀ jù kí irinṣẹ́ tó dé àárín. Ẹ dẹ irinṣẹ́ náà síwájú ní nǹkan bí 10 sí 15 dígírì sí ibi tí òkúta ń yí lọ, kó máa wọ́ tẹ̀ lé òkúta, kó má dojú kọ ọ́. Ẹ máa yí i díẹ̀ nínú ìdè rẹ̀ látìgbà dégbà kí ojú tuntun lè máa jáde. Dáyámọ́ńdì tí ojú rẹ̀ ti tẹ́ kì í gé mọ́, fífi ara ra ló ń ṣe, ibẹ̀ ni ooru ti ń wá. Kí ọ̀pá irin náà má sì yọ gùn jù látinú ìdè, torí tó bá ń gbọ̀n, dáyámọ́ńdì á sán kódà tí ó bá tutù. Ó le lóòótọ́, àmọ́ kò fẹ́ ìlù.

Ibi tí ẹ̀rí wa wà rèé. Dáyámọ́ńdì máa ń gbé ooru kiri ju bàbà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún. Ooru tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ṣóńṣó kì í dúró síbẹ̀, kíá ló ń sáré lọ sí ìdí, níbi tó ti lẹ̀ mọ́ irin. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fi iná jó o mọ́ irin bó ṣe yẹ, ohun tó dì í mú kò ní yọ́ láìkọjá 450 dígírì, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí fàdákà wà nínú rẹ̀ sì ń kọjá 600. Òjé tí wọ́n fi ń lẹ wáyà rédíò pọ̀, ó lè yọ́ ní 183 dígírì péré. Gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà ti máa ń rọ̀ kó tó dé ìwọ̀n yẹn. Nítorí náà, dírẹ́sà tó já bọ́ nígbà tí kúláǹtì ń ya lórí rẹ̀ kò já nítorí pé ẹ jẹ́ kó gbóná jù. Ó já nítorí ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ.

Ẹ wo irin tó yí i ká. Tí ooru bá pa á lóòótọ́, irin náà á ti yí àwọ̀ padà, á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí kó ní àwọ̀ búlúù, ojú dáyámọ́ńdì á ṣú tàbí kó funfun kùkù, ẹ ó sì rí ìlà sísán lára rẹ̀ tí ẹ bá fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Tí irin bá ṣì funfun bó ṣe wà, tí òkúta kékeré náà fò jáde lódindi, tàbí tó yí róbótó láìsán, wọ́n ti lù yín ní jìbìtì. Ẹ ya fọ́tò irin náà lójú ẹsẹ̀, kí ìpẹtà tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lè dán an wò kí ẹ tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Ẹ wá carbide kan tó ti kú, irú ẹnu irinṣẹ́ léètì tí a máa ń jù nù, kí ẹ fi ṣóńṣó náà fà á fẹ́ẹ́rẹ́. Dáyámọ́ńdì á kọ ilà sí i lára wẹ́rẹ́. Cubic zirconia àti gíláàsì á yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn oníṣòwò ẹ̀ṣọ́ fi ń mọ dáyámọ́ńdì nípasẹ̀ ooru náà dára, ṣùgbọ́n òkúta kan wà tó ń jẹ́ moissanite tó lè tan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jẹ. Ẹ má fi òòlù lù ú láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Ojúlówó dáyámọ́ńdì máa ń là sí méjì lábẹ́ òòlù, ẹ ó sì ti ba ohun tó dára jẹ́ lásán.

Nípa àwọn dírẹ́sà tí wọ́n ti lò rí: kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí wọ́n yọ dáyámọ́ńdì tí ojú rẹ̀ ti tẹ́, kí wọ́n yí i padà, kí wọ́n sì tún jó o mọ́ irin. Iṣẹ́ tó ń ṣọ owó fún wa ni, ó sì ti pẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni kí wọ́n tà á ní tuntun. Ẹ máa wo ojú tó tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣóńṣó, àti nọ́ńbà tí wọ́n ti fi fáìlì ra kúrò lára irin. Ti dírẹ́sà olójú púpọ̀, tó ní ọ̀pọ̀ dáyámọ́ńdì wẹ́wẹ́ lórí ọ̀pá kan, tún ṣòro láti mọ̀. Àwọn kan ń fi dáyámọ́ńdì wẹ́wẹ́ sí òkè nìkan, ìyókù jẹ́ irin lásán, ẹ ò sì ní mọ̀ àfi nígbà tí ìpele àkọ́kọ́ bá jẹ tán.

Ẹni tí mò ń wí yìí tún ń ta "kúláǹtì pàtàkì fún dáyámọ́ńdì" mọ́ ọn. Mo fi awò tí a fi ń wọn agbára kúláǹtì yẹ ojúlówó èròjà rẹ̀ wò, láìtíì pò ó mọ́ omi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí omi lásán. Omi aláwọ̀ àti ọṣẹ ni. Ó ń hó yàà, foomu sì kún fún afẹ́fẹ́, kì í tu nǹkan lára. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ tún òkúta ṣe yóò ba dáyámọ́ńdì tó dára pàápàá jẹ́, ìpẹtà á sì mú tébù ẹ̀rọ rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní dáyámọ́ńdì òun kò nílò ìtutù, ẹ sá fún un. Ẹni tí kò bá kọ ìwọ̀n káràtì, tí kò sọ ohun tó fi jó o mọ́ irin, tí kò gbà kí a dá ọjà padà, tó sì ń kán yín lójú pé ó kù díẹ̀ kó tán, ẹ sá fún òun náà. Ẹ má lo ẹ̀rọ láìwọ gíláàsì ojú, torí òkúta kékeré tó bá fò jáde kì í sọ ibi tó ń lọ, irin tó ṣẹ́kù á sì máa fi orí gbá òkúta gráíńdà.

Tí ẹ bá ti rà á, ẹ má jù ú nù. Ẹ tọ́jú ọ̀pá irin náà, òkúta tó já tí ẹ bá rí i, àpò rẹ̀, àti ìwé tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ọjà náà kí wọ́n tó yí i padà, torí wọ́n ti yí tèmi padà, ọ̀rọ̀ "kò nílò kúláǹtì" ti pòórá níbẹ̀. Ẹ kọ ẹjọ́ sí báńkì tàbí ibi tí ẹ gbà sanwó kí àkókò tó kọjá, kí ẹ sì fi fídíò omi tó ń ya lórí irinṣẹ́ náà mọ́ ọn. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ máa gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹ ya ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá lo dírẹ́sà tuntun èyíkéyìí, láti ìgbà tí omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya.